Bóòtì Tí Bàṣírù Kò Fi Síbẹ̀

Ẹ̀yìn gáréèjì Ẹ̀jìgbò, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ara, ni Bàṣírù ti ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Ní báyìí irùngbọ̀n náà ti ń funfun. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn wà nítòsí rẹ̀ tí irinṣẹ́ wọn pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, àwọn kan sì wà tí wọ́n ti lọ kọ́ṣẹ́ dé Ìbàdàn àti Èkó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ibi kọ́lọ́fín, ibi tí ojú kò tó, ọ̀dọ̀ Bàṣírù ni wọ́n ń rán ènìyàn sí. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Yóò sùn sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, yóò kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò máa bá ẹni tó dúró tì í tàkúrọ̀sọ, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa dá lọ láàrin irin sí irin títí yóò fi kan nọ́ọ̀tì tó ń wá. Àwọn dírẹ́bà máa ń sọ pé ojú wà lórí ìka Bàṣírù. Ó máa ń gbọ́ ọ, kò sì jẹ́ sẹ́ ẹ.

Àìsàn tó kọlù ú kò fi ariwo wọlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí, ó rí i pé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ń gbọ̀n nítorí omi tó tutù, òun kò sì mọ̀ pé omi náà tutù. Ó kọ́kọ́ rò pé agbára ni. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bí ẹni pé ó wọ ìbọ̀wọ́ kan tí kò ṣeé bọ́. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ tọ̀sán tòru, ìtọ̀ kì í sì í jẹ́ kó sùn. Ó yọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan sì sọ fún un pé àtọ̀gbẹ ni, pé ó ti pẹ́ lára rẹ̀, pé àtọ̀gbẹ ló ń pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kú bẹ́ẹ̀. Ó fún un ní oògùn, ó ní kó máa padà wá. Bàṣírù kò padà lọ. Ó kó oògùn náà sí ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́, sábẹ́ àkísà, ó ń lò ó ní ọjọ́ tó bá rántí. Nígbà tí Sàídátù ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè ohun tó ń mú un rù, ó ní ibà ni.

Kì í ṣe pé kò fọkàn tán Sàídátù. Télọ̀ ni obìnrin náà, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́bàá ọjà, òun pẹ̀lú ń fi ọwọ́ jẹun, kò sì sí ẹni tí ìbá tètè yé tó o. Ohun tí ń dẹ́rù ba Bàṣírù ni pé bí òun bá fi ẹnu ara òun sọ ọ́ pẹ́rẹ́n, á ti di òótọ́ nìyẹn. Mẹkáníìkì tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú, kí ni wọn yóò máa pè é? Ó yàn láti máa fi ojú rán ọwọ́ níṣẹ́. Ibi tí ojú bá tó, ó ń ṣe é. Ibi tí ojú kò bá tó, ó ń wá àwáwí, ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun, kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ lágbájá.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà títí Débọ̀ fi dé.

Ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni Débọ̀, ó ti pẹ́ ní Àbíjáǹ kó tó padà wálé. Ó ra píkọ́ọ̀pù àlòkù kan tí yóò máa fi kó ẹ̀gẹ́ láti oko wá sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe gààrí ní Ẹ̀jìgbò, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti rẹ̀, kò lè gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Ló bá lọ wá ẹ́ńjìnnì ńlá, onísílíńdà mẹ́fà, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn, ó ní kí Bàṣírù bá òun yọ ti àtijọ́ kúrò, kó gbé èyí sí i. Ṣẹ́ẹ̀fù ló ń pe Bàṣírù, bí wọ́n ti ń pe ọ̀gá ní Àbíjáǹ. Bàṣírù kò rí àwáwí kankan ṣe. Ọmọkùnrin náà ti sọ fún gbogbo gáréèjì pé Ṣẹ́ẹ̀fù nìkan lòun lè fi ọkọ̀ òun lé lọ́wọ́.

Iṣẹ́ náà kọ́kọ́ lọ dáadáa. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n gbé ẹ́ńjìnnì náà wọlé, ó jókòó. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé irin tó ń gba èéfín jáde lára rẹ̀ ń kan férémù ọkọ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè lò ó. Mùbárákà tó jẹ́ wẹ́dà, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà, ló wá ṣe páìpù èéfín tuntun sí i. Ó gé páìpù, ó tẹ̀ ẹ́, ó jó o pọ̀, mẹ́ta lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún, wọ́n sì lọ́ mọ́ra wọn bí irun dídì kí wọ́n tó papọ̀ di ẹyọ kan. Àwọn ènìyàn ń wá wò ó. Ṣùgbọ́n ti apá ọ̀tún gba iwájú ibi tí sítátà ń gbé kọjá. Sítátà ni ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ta ẹ́ńjìnnì jí bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, bóòtì méjì ló sì ń dè é mọ́lẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Mùbárákà fúnra rẹ̀ wo ibẹ̀, ó ní àyè ibẹ̀ há, ó bi Bàṣírù bóyá kí òun gé páìpù ọ̀hún kí òun sì tún un tẹ̀.

“Ṣé ìka lè wọ ibẹ̀?” ni Bàṣírù bi í.

“Ìka lè wọ ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ojú ni kò lè dé ibẹ̀.”

“Ó ti tó mi nìyẹn.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, Bàṣírù náà sì rẹ́rìn-ín. Ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kí ẹ̀rín náà tó tán.

Láti ìsàlẹ̀ ni sítátà ní láti gbà wọlé. Wọ́n á kọ́kọ́ ti imú rẹ̀ bọ àárín páìpù, wọ́n á yí i, kó tó lè lọ sí ààyè rẹ̀. Èyí kò le fún Bàṣírù, nítorí ojú rẹ̀ ń rí i. Ó fi bóòtì ìsàlẹ̀ sí i, ó wọlé. Bóòtì òkè ló kù, ó sì wà lẹ́yìn páìpù kẹta, níbi tí ó jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ló lè wá ihò rẹ̀ kàn. Ó gbé bóòtì náà sórí ìka, ó na ọwọ́ wọlé. Kò mọ̀ bóyá bóòtì ṣì wà lórí ìka òun. Kò mọ̀ bóyá irin ni òun ń kàn tàbí afẹ́fẹ́. Bóòtì náà já bọ́ lé e láyà. Ó tún un gbé wọlé, ó tún já. Ó rán Débọ̀ lọ wá bátìrì kiri, ó ní kí Mùbárákà lọ mójú tó iṣẹ́ tirẹ̀, kí ojú ẹnikẹ́ni má baà rí òun. Wọ́n pe ìrun Àsárì, kò dìde. Nígbà tí bóòtì náà tún já bọ́ tó sì bà á lẹ́nu, ó sùn síbẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó dijú, omi gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ wọ inú etí.

Lẹ́yìn náà ó fi bóòtì náà sí àpò ṣòkòtò. Ó mú sípánà, ó fún ti ìsàlẹ̀ le dáadáa, ó fà á títí kò fi lọ mọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹyọ kan yóò gbà á dúró. Ó mọ̀ pé irọ́ ni.

Débọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì náà jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn rẹ̀ sì kún. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Débọ̀ di mọ́ Bàṣírù, ó ń sọ Faransé tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ níbẹ̀. Bàṣírù gba gbogbo ìyìn náà, ó ní kò tó nǹkan. Nígbà tó délé, kò lè jẹun. Sàídátù bi í bóyá ibà náà ló tún dé, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí Débọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́, sítátà tí bóòtì kan ṣoṣo dè ń yẹ̀, eyín rẹ̀ ń họ eyín irin tó yẹ kó yí. Ó wá di ọjọ́ kan tí Débọ̀ lọ kó ẹ̀gẹ́ ìyá rẹ̀, Ayọ̀níkẹ́, àti ti àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń dáko nínú oko Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Òjò ti rọ̀. Ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ òkè kan, ó kú, nígbà tí Débọ̀ sì fẹ́ jí i, ó gbọ́ tí nǹkan sán nísàlẹ̀. Etí tó gba bóòtì lára sítátà ti fọ́. Wọn kò lè ti ọkọ̀ tó rì tòun tẹrù. Nígbà tí wọ́n fi rí àwọn ènìyàn tó pọ̀ tó láti ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ̀gẹ́ náà ti jókòó sínú òjò àti oòrùn títí inú rẹ̀ fi dúdú. Wọ́n dà á nù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ti ọkọ̀ náà jí, Débọ̀ kò sì pa á títí ó fi wà á dé ọ̀dọ̀ Bàṣírù. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í níwájú.

Bàṣírù rí wọn tí wọ́n ń bọ̀. Ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó ya ẹnu. Débọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó jáde, ẹrẹ̀ kún aṣọ rẹ̀.

“Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ má bínú,” ló wí. “Ọ̀nà oko yẹn ni. Mo sáré jù lórí gbágungbàgun, bóòtì òkè ti já bọ́. Mo ba iṣẹ́ yín jẹ́.”

Bàṣírù wò ó. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bó ti ń sọ ọ́, tọkàntọkàn. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi etí ìró nu ọwọ́, ìdọ̀tí ẹ̀gẹ́ tó rà ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

“Ọ̀nà wa ni kò dáa,” ni Bàṣírù fèsì.

Ó ti purọ́ rí ní ayé, bí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò tíì gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí òun ṣẹ̀ rí. Ó ní òun fúnra òun ni yóò ra sítátà mìíràn, pé kí wọ́n má ṣe ìyọnu, ó sì tètè wọ abẹ́ ọkọ̀ kí ojú wọn má baà pàdé mọ́. Mùbárákà ti rìn wá wo páìpù rẹ̀. Bàṣírù na ọwọ́ wọlé láàrin àwọn páìpù náà láti di sítátà tó fọ́ mú, ó fi ọwọ́ ti nǹkan kan, ó sì ń bá Mùbárákà sọ̀rọ̀ nípa ibi tí wọ́n ti lè rí òmíràn rà.

Ayọ̀níkẹ́ ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn náà. Ó ní kí ni ń jó. Débọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀.

“Ṣẹ́ẹ̀fù, ọwọ́ yín!”

Bàṣírù kò mọ ohun tó ń wí. Ìgbà tí Débọ̀ di apá rẹ̀ mú tó fà á jáde ló tó rí i. Awọ ìka méjì àti ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ti bó, díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ páìpù tí ọkọ̀ náà ti mú gbóná láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wò ó. Kò dun òun. Gbogbo wọn sì rí i lójú rẹ̀ pé kò dùn ún. Mùbárákà wo ọwọ́, ó wo páìpù, ó sì gbé ojú kúrò.

Ayọ̀níkẹ́ sún mọ́ ọn. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú, àtọ̀gbẹ ló pa á, ó sì ti tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

“Bàṣírù,” ló wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, “láti ìgbà wo ni ọwọ́ yìí ti kú?”

“Ó ti pẹ́, mà.”

Lẹ́yìn èyí kò tún rí ibi sá sí. Ó kọjú sí Débọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. “Bóòtì yẹn kò já bọ́. Mi ò fi í síbẹ̀. Mi ò lè fi í síbẹ̀.”

Débọ̀ dúró bí ẹni tí wọ́n bu omi lù. Kò bú u. Ìbá dáa bí ó bá bú u. Ó kàn yí padà, ó lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ níbi tí ẹ̀gẹ́ ti wà tẹ́lẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Wọ́n di ọwọ́ Bàṣírù ní ilé ìwòsàn. Sàídátù ti gbọ́ kó tó dé ibẹ̀, ó bá wọn tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí dókítà sọ, ó bi í ní ìbéèrè, ó gba oògùn. Ìgbà tó ku àwọn méjèèjì nìkan ló tó wo ọkọ rẹ̀.

“Ibà lẹ sọ fún mi, Bàbá Qàwíyyàt,” ló wí. “Mo ti ń se àgbo ibà fún yín láti ọjọ́ yìí wá.”

Bàṣírù ti ń mu àgbo náà lójú rẹ̀, ó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ojoojúmọ́.

Ọkọ̀ Débọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Mùbárákà gbìyànjú láti fi sítátà tuntun náà sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju àyè ibẹ̀ lọ. Mẹkáníìkì méjì mìíràn gbìyànjú. Mùbárákà wá ní kò sí ohun tó kù ju kí òun gé páìpù òun lọ, àánú rẹ̀ sì ń ṣe é. Sàídátù wà níbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó gbé oúnjẹ wá fún Bàṣírù tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó fi báńdéèjì wé ọwọ́ bí ọmọ tuntun. Sàídátù na ọwọ́ ara rẹ̀, ó wò ó. Ó ní ṣé òun lè gbìyànjú.

Ó wọ ṣòkòtò sábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó so ìborùn rẹ̀ le, ó sì sùn sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ lójú gbogbo àwọn ọkùnrin yẹn. Ẹnìkan lára àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó bá a rín in. Bàṣírù kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kó lè máa júwe fún un. Ibẹ̀ ni ìtìjú mìíràn ti bá a, èyí tí kò retí: kò mọ bí yóò ti sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní kó lọ sókè díẹ̀, ó ní rárá, kó padà, ó ní kó wá ibi tó rí ṣákiṣàki. Sàídátù ní gbogbo ibẹ̀ ló rí ṣákiṣàki. Bàṣírù ní kó fi ìka tẹ̀ lé ẹ̀yìn páìpù kẹta títí yóò fi kan etí kan tó yọ, kó wá rọra bọ́ sísàlẹ̀.

“Mo ti rí i,” ni Sàídátù wí láti abẹ́ ọkọ̀. “Ihò náà nìyí. Ó tó bí ihò bọ́tìnnì kóòtù.”

Ó fi ìka kan ti bóòtì náà dúró, ó fi ìkejì yí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi òwú sí abẹ́rẹ́. Bàṣírù ń gbọ́ bí ó ti ń wọlé. Ó fi ojú pamọ́ sí apá rẹ̀ tí kò ní báńdéèjì, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ṣe bí ẹni pé àwọn kò rí i.

Ẹ́ńjìnnì náà jí. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Débọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Sàídátù, ó pè é ní màmá, ó sì sọ fún Bàṣírù pé ẹ kú iṣẹ́, sà. Kò pè é ní Ṣẹ́ẹ̀fù.

Ohun tí Bàṣírù kò lè gbé kúrò lọ́kàn ni ẹ̀gẹ́ tí wọ́n dà nù. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ san, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn láti lọ bẹ Ayọ̀níkẹ́ àti àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń dáko. Ó bá ìyá náà níbi tó ti ń bó iṣu lábẹ́ àtíbàbà ilé rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tó ti ń tò pọ̀ lójú ọ̀nà. Ayọ̀níkẹ́ jẹ́ kó sọ díẹ̀. Ó ní kó dìde jókòó. Kò sọ pé òun ti gbàgbé, kò sì sọ pé kò dun òun. Ó ní àwọn obìnrin náà sunkún lọ́jọ́ yẹn, pé òun yóò bá a sọ fún wọn pé ó wá. Ó bu omi fún un. Ojú rẹ̀ wá lọ sí ẹsẹ̀ Bàṣírù.

“Bọ́ bàtà yẹn.”

Bàṣírù ní kò sí nǹkan tó ṣe ẹsẹ̀ òun. Ìyá náà tún un sọ, kó bọ́ ọ. Nígbà tó bọ́ ọ, òórùn kan jáde tí òun náà gbọ́. Àfọ́kù irin tín-ín-rín kan láti ibi iṣẹ́ ti wọ àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì, ibẹ̀ ti wú, ó ti rà, ó sì ń rìn lórí rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Kò yẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wò rí. Ìyá náà lọ gbé abọ́ omi àti ọṣẹ wá, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì fa ẹsẹ̀ náà sórí itan rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má ṣe é,” ni Bàṣírù wí. “Ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe é fún mi.”

“Jókòó jẹ́ẹ́. Bí mo ti ń fọ ti bàbá Débọ̀ nìyí. Òun náà kò jẹ́ kí n tètè rí i.”

Bàṣírù jókòó. Ó rí ọwọ́ ìyá náà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí ojú tì í tó ọjọ́ yẹn, bó ti jókòó sórí àga, tí ẹni tí òun ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Nígbà tó tán, ìyá náà fi aṣọ mímọ́ di í, ó ké pe ọlọ́kadà kan, ó sì jókòó sẹ́yìn Bàṣírù kó má baà yà sílé dípò ilé ìwòsàn.

Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ kan. Dókítà ní bí ó bá fi pẹ́ sí i, ẹsẹ̀ ni ìbá jẹ́. Bàṣírù ti padà síbi iṣẹ́ báyìí, iṣẹ́ tí ojú tó nìkan ló ń ṣe. Bí wọ́n bá gbé èyí tí ojú kò tó wá, ó ń sọ fún wọn tààrà pé ọwọ́ òun kò mọ nǹkan mọ́, ó sì máa ń dà ní gbogbo ìgbà bí ẹni pé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́. Ní alaalẹ́, kó tó sùn, Sàídátù máa ń ní kó gbé ẹsẹ̀ wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì máa ń gbé e wá, á yíjú sí ògiri.

Débọ̀ ṣì ń kó ẹ̀gẹ́. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn lójú ọ̀nà Ọla ló ń gbé ọkọ̀ náà lọ. Bó bá ń kọjá lójú ọ̀nà Ara, ó máa ń tẹ fèrè kí Bàṣírù, Bàṣírù náà á sì juwọ́ sí i. Kì í dúró.